Ìbọn Tí Mo Ń Nà Sí Odò Atẹ́ẹ́rẹ́

Ẹni tó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé òkèèrè lòun wà. Òtútù á sọ fún un, ojú àwọn èèyàn náà á sì sọ fún un. Èmi lọ sí òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Abúlé kan lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti bí mi. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni bàbá tó bí mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo dé Adégbàyí, lẹ́yìn Ìbàdàn, tí mo la ẹnu kí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ Kútọnu, kí lo fẹ́ rà?" N ò tíì dé Kútọnu rí láyé mi.

Tó bá jẹ́ pé èdè míì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni, mi ò bá jókòó kọ́ ọ, kò bá sì tán síbẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ kọ́ nínú èdè tó ti gbọ́ látinú oyún? Ohun tí mo ń sọ yé wọn, ohun tí wọ́n ń sọ yé mi, síbẹ̀ gbólóhùn kan péré ni wọ́n nílò láti mọ̀ pé mi ò sí lára wọn. Mo ń fa ọ̀rọ̀. Mo ń pe ọ̀kadà ní sẹ́mì. Tí mo bá ń ka nǹkan, Faransé ni mo fi ń kà á lábẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni bá sì rí ètè mi tó ń mì, á fura. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ mí nílé á sọ fún yín pé irọ́ ni, pé ẹnu mi kì í sinmi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan ní Adégbàyí, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" nìkan ni mo ń sọ.

Ibẹ̀ ni Ẹnjiníà Bánkọ́lé ti rí mi. Ó máa ń wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, ó rí bébà tí mo kọ iye abọ́ tó fọ́ sí, ó ní ta ló kọ nọ́ḿbà tó mọ́ tó báyìí. Wọ́n nawọ́ sí mi lẹ́yìn àgbá omi. Ó ní òun ń wá ẹni tó lè kọ nọ́ḿbà, tó sì lè gbé lábúlé kan ní gbogbo àsìkò òjò, pé gbogbo ẹni tóun ti bá sọ ọ́ ní Ìbàdàn ló sá. Mo gbà kó tó parí ọ̀rọ̀. Mi ò tiẹ̀ béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Àba Ládùnńní lorúkọ abúlé náà, ní ìhà Ọ̀nà-Àrà, ọ̀nà oko gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Odò kan gba ìdí rẹ̀ kọjá tí wọ́n ń pè ní Atẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Nígbà òjò, ó ti gbé afárá onípákó lọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ṣẹ́ kù ò ju kùkùté kọnkéré kan tó yọ sórí omi létí bèbè. Wọ́n fẹ́ kọ́ afárá tuntun, wọ́n sì fẹ́ mọ bí odò náà ṣe ń sáré tó látìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi dá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n rí bí ìbọn ìléwọ́. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, ó ní ibi tí ìka ń fà, ó sì ní ẹnu gbàgàdà níwájú. Ẹnjiníà ní nǹkan kan tí ojú ò lè rí ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, á lọ kan ojú omi, á padà wá, á sì sọ iye mítà tí omi ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

"O ò ní tẹ ẹsẹ̀ bọ omi rárá," ló ní. "Dúró sórí kùkùté yìí. Nà án sí àárín odò, kó dà wálẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tó o bá ń da omi búta. Fà á, kó o ka ẹ̀ẹ́wàá, kó o wo nọ́ḿbà tó bá jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kó o kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ó ní tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, kí n má yọ ọ́ síta, torí òjò ni yóò máa wọ̀n dípò odò. Ó ní tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé atẹ́gùn ń fẹ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́, tí mo sì jẹ́ kó kọjá létí mi: ojú omi nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń rí, kò mọ bí odò ṣe jìn tó, àwọn míì ló máa wá fi okùn wọn ìyẹn.

Nígbà tó wo ìwé mi, ojú rẹ̀ korò. "Kí ló dé tí gbogbo ọ̀kan ẹ fi dà bíi méje?"

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. A máa ń fún ọ̀kan ní imú, a sì máa ń fi igi dábùú méje. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀kan, èmi tí mo ti gbàwé ẹ̀rí. Ó dùn mí wọra. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

Àárọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Ẹnjiníà fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Baálẹ̀ abúlé náà, tí ọ̀rọ̀ mi ò tíì dé etí àwọn ọdẹ, mo gorí kùkùté, mo di ojú kan, mo na ẹ̀rọ náà sí odò. Mo ti kà dé mẹ́fà nígbà tí ohùn ọkùnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Jù ú sílẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí irú àsìkò tí a wà. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ló wà lẹ́nu gbogbo ayé. Kò sí abúlé tí àwọn ọdẹ ò ti ń ṣọ́ ọ̀nà oko. Bàbá Sùlè, olórí ọdẹ Àba Ládùnńní, ló dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọdẹ mìíràn, ìbọn gidi sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìtọ̀ bọ́ lára mi. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

"Ta lo fẹ́ yìnbọn fún?"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, Faransé ló jáde. Mi ò mọ ohun tó gbé e dé. Bàbá Sùlè wo ìkejì rẹ̀, ó ní, "Mo wí bí? Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí." Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹnu rẹ̀ má bàa kọjú sí i. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo máa kú sí, pé ìyá mi ò ní mọ ibi tí wọ́n sin mí sí.

Obìnrin àgbà kan tó wá pọn omi ló bá wa níbẹ̀. Ìyá Ramọ́tà ni wọ́n ń pè é. Ó sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Sùlè, kí lọmọbìnrin yìí ṣe?"

"A bá a tó na ìbọn sí odò."

"Kí ló fẹ́ pa nínú odò? Akàn?"

Ọdẹ kejì rẹ́rìn-ín. Ìyá Ramọ́tà kọjú sí mi, ó bi mí léèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́ àti ẹni tó rán mi wá. Yorùbá mi padà wá díẹ̀díẹ̀. Mo ní ọmọ Kétu ni mí, pé ẹnjiníà tó fẹ́ kọ́ afárá ló rán mi wá wọn omi.

"Ẹ gbọ́ o. Afárá tí a ti ń gbàdúrà fún látọdúnmọ́dún, ẹni tó bá a wá lẹ ní kó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yìí." Ó fa ọwọ́ mi, ó gbé mi dìde. "Wá sílé mi kó o pààrọ̀ ìró."

Bí mo ṣe di ará ilé Ìyá Ramọ́tà nìyẹn. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìgboro. Ó fún mi ní yàrá tó kọjú sí ọgbà ata rẹ̀. Tó bá ti kírun ìdájí tán, á kan ilẹ̀kùn mi, á ní, "Kútọnu, odò ẹ ń dúró dè ẹ́." Ó mọ̀ pé èmi kì í ṣe ará Kútọnu. Ó kàn fẹ́ràn láti máa fi mú mi bínú ni.

Lórí òkìtì ọ̀gán kan lẹ́yìn mọ́sálásí nìkan ni fóònù ti ń wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá Màámi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

"Iṣẹ́ kí ni wọ́n ní ò ń ṣe?"

"Mò ń wọn odò, Màámi."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi odò tí wọ́n wọ̀n ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ tà á ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "O ò kúkú mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Orí bèbè ni mo ń dúró sí."

"Ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ràn mi."

"Ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Kò bà mí."

Irọ́ ni mò ń pa fún un. Ẹ̀rù Bàbá Sùlè ń bà mí, tó jẹ́ pé tó bá rí mi, kì í kí mi, á kàn wo ọwọ́ mi. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ̀rọ olówó iyebíye yẹn má bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sínú omi. Ẹ̀rù odò náà fúnra rẹ̀ ń bà mí jù, torí pé àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé ibẹ̀, ó ti yàtọ̀ sí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Èèyàn lè mọ ojú ọlọ́pàá. Mi ò mọ ojú odò.

Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà wọn, òdìkejì odò sì ni ọjà náà wà. Àwọn obìnrin ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá omi ṣeé wọ̀. Tí wọ́n bá dé bèbè, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn á mú ọ̀pá gígùn kan, á wọ odò láìru ẹrù títí dé àárín, àwọn yòókù á máa wo ibi tí omi dé lára rẹ̀. Tó bá ti kan ibi tó ti so ìró, ọjà tán nìyẹn. Gbogbo wọn á ru ata wọn padà sílé. Ìyá Ramọ́tà ni àgbà wọn. Mo ti rí i tó ń gòkè padà láti inú omi tútù láàárọ̀ kùtù, tí ìró lẹ̀ mọ́ ọn lára, tó sì ń wá ibi tí oòrùn wà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, kó tó mú ọ̀pá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pè mí lórí kùkùté, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Kútọnu, kí ni ìbọn ẹ wí lónìí?"

Mo ní kò tó ààbọ̀ mítà.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ gbọ́ mi yé. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò sí ẹni tó tíì bi mí ní ohun tí kì í ṣe ibi tí mo ti wá. Mo lè ní mi ò mọ̀. Òótọ́ nìyẹn ìbá jẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé ohùn mi sókè, mo ní, "Tí kò bá tíì pé ọ̀kan, ẹ lè kọjá."

Ẹnjiníà ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Orí ahọ́n mi ni mo ti mú un. Wọ́n wọ omi, wọ́n kọjá, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún béèrè. Kó tó pé oṣù kan, aṣọ ni Ìyá Ramọ́tà ń fi ọ̀pá náà sá, gbogbo wọn sì ń ru ẹrù wọ odò lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé ó ti pé ọ̀kan?" di ohun tí wọ́n fi ń kí mi. Wọn ò pè mí ní Kútọnu mọ́, Àǹtí Onínọ́ḿbà ni mo dà. Wọ́n ń mú àgbàdo sísun wá fún mi, wọ́n ń fi ọmọ wọn jókòó tì mí. Mo ti ń fa ọ̀rọ̀ mi bó ṣe wù mí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màámi bi mí lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ṣé wọ́n fẹ́ràn mi, mi ò parọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Àjèjì tó bá ti pẹ́ níta, kò sí ohun tí kò lè sọ kí wọ́n lè ní kó wọlé wá jókòó. Èmi ta nọ́ḿbà fún wọn, wọ́n fi ìjókòó san án fún mi. Mo sì mọ̀. Tí inú mi bá ń dùn báyìí, nǹkan kan á mú mi nínú, á ní, níbo lo ti rí ọ̀kan yẹn? Mo máa ń dá a lóhùn pé kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Lóṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ló dá. Nígbà tí mo dé odò, ó ti fẹ̀ wọ inú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí epo inú àwo. Mo na ẹ̀rọ sí i. Kò tó ìdámẹ́rin mítà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan náà ni. Odò tó fẹ̀ tó báyìí, báwo ló ṣe ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́?

Àwọn obìnrin dé pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n tó mẹ́sàn-án.

"Àǹtí Onínọ́ḿbà, ṣé ó ti pé ọ̀kan?"

Tí mo bá ní kí wọ́n má kọjá, wọ́n á ní kí ló dé. Tí mo bá ní odò ń bà mí lẹ́rù, wọ́n á ní kí wá ni ìbọn wà fún. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á mọ̀ mí. Mo ní, "Kò pé. Kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn."

Ìyá Ramọ́tà ló ṣíwájú, apẹ̀rẹ̀ ata lórí. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìdí rẹ̀, ó dé ibi tó ti so ìró, ó kọjá ibẹ̀. Ó dúró. Ó yíjú padà. Kò wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi ló wò. Mo mi orí sí i pé kó máa lọ.

Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, omi sì dé àyà rẹ̀. A gbọ́ ariwo kan láti ìsàlẹ̀ odò, bí ìgbà tí ògiri bá wó. Gbogbo omi tó ti dúró jẹ́ẹ́ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn di ara wọn mú, wọ́n fà síhà bèbè. Apẹ̀rẹ̀ ata yí dànù, mo rí ata pupa tó tàn ká ojú omi, mo rí ìborùn rẹ̀, lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́. Mo sáré tẹ̀ lé odò lórí bèbè, mò ń pè é. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ni mo lè ṣe ju kí n máa pe orúkọ lọ.

Bàbá Sùlè ló rí i, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó gbá igi kan mọ́ra. Ó ń mí. Apá òsì rẹ̀ ti kán. Nígbà tí wọ́n gbé e kọjá níwájú mi, omi ń jáde nímú rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó sì ń wò mí.

Àwọn ọkùnrin lọ wò ó. Igi ńlá kan ti wó dí odò nísàlẹ̀, ọparun àti pàǹtí sì ti kó jọ sẹ́yìn rẹ̀. Omi ti há síbẹ̀, ó ń pọ̀ sí i, ó ń jìn sí i, kò rí ọ̀nà lọ, títí ìdènà náà fi já. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà ò parọ́. Ó ní omi ò sáré, omi ò sì sáré. Ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà sọ padà sí mi létí, pé ojú omi nìkan ni ẹ̀rọ náà ń rí, kò mọ bí odò ṣe jìn tó.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ pe gbogbo wa síwájú ilé rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Ìyá Ramọ́tà, wọ́n ti fi pákó di apá rẹ̀.

"Ọmọbìnrin," ni Baálẹ̀ wí, "kí ni ẹ̀rọ yẹn sọ fún ẹ lánàá?"

Ìyá Ramọ́tà ló dáhùn láti orí ẹní. "Bátìrì ló kú, Baálẹ̀. Ó ti ṣàlàyé fún mi."

Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Mo wò ó. Ó gbé ojú kúrò lára mi. Ó ti fún mi ní ọ̀nà àbáyọ, kí n ṣáà gbà á. Tí mo bá ní bátìrì ni, gbogbo wọn á bú bátìrì, ọ̀rọ̀ á tán. Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á lé mi, mi ò sì ní ibòmíì ju ẹ̀yìn àgbá omi ní Adégbàyí. Mo wo àwọn obìnrin mẹ́jọ tó kù, mo rí i pé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, wọ́n á tún bi mí bóyá ó ti pé ọ̀kan.

"Bátìrì ò kú, Bàbá. Òótọ́ ni ẹ̀rọ náà sọ. Èmi ni mo parọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé tí kò bá pé ọ̀kan kí ẹ kọjá. Èmi ni mo dá a sọ."

Bàbá Sùlè dìde.

"O tàn wá jẹ," ni Bàbá Sùlè wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí la fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Inú mi ló dùn pé ẹ ń bi mí ní nǹkan."

Obìnrin kan pòṣé. Baálẹ̀ ní kí wọ́n padà sí ọ̀pá tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, kí èmi sì lọ pe ọ̀gá mi. Mo gun orí ọ̀gán, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹnjiníà.

"Ta ló ní kó o sọ nọ́ḿbà fún ẹnikẹ́ni? Ṣé o mọ̀ pé èèyàn lè kú?"

"Mo mọ̀, sà."

"Di ẹrù ẹ. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń mú ẹlòmíì bọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, mò ń lọ sódò, mò ń kọ nọ́ḿbà, ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń wẹ Ìyá Ramọ́tà, èmi ni mò ń fi síbí fún un lóúnjẹ. Mo bi í ní ohun tó dé tó fi fẹ́ gbà mí sílẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọ̀pá jù sílẹ̀," ló ní. "Ó ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí àgbà tó wà níwájú mi ti kú, èmi ni mò ń wọ omi tútù fún gbogbo wọn. Ìgbà tó o dé pẹ̀lú ìbọn ẹ, mo ní Ọlọ́run ti tú mi sílẹ̀. Mo rí i pé omi ti kọjá ìró mi, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló mọ̀ ọ́n."

Mo bu omi fún un.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjà tún bọ́ sí. Ẹni tó tẹ̀ lé Ìyá Ramọ́tà lọ́jọ́ orí mú ọ̀pá, ó wọ odò, omi ò dé ìró rẹ̀. Èmi náà wọ̀n ọ́n, ó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ mítà. Wọ́n ti ń gbẹ́rù. Ìyá Ramọ́tà ti tẹ̀ lé wọn wá, ó fi gèlè so apá rẹ̀ kọ́rùn, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi.

"Ìwọ ńkọ́?" ló bi mí, gbogbo wọn sì gbọ́. "Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ kọjá, ṣé wàá wọ̀ ọ́?"

Mo wo odò. Àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n ju bí mo ṣe bá a láàárọ̀, ìfófó funfun kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti ń bá omi bọ̀ láti òkè. Ó lè jẹ́ nǹkan, ó lè máà jẹ́ nǹkan.

"Rárá, Ìyá. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba Kútọnu, kí ata mi wá jẹrà?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. Ìyá Ramọ́tà dìde, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Wọ́n tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kùn. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló kọjá. Odò ò kún lọ́jọ́ náà. Ó ta ata rẹ̀ tán, ó padà nírọ̀lẹ́ láìsí ohun tó ṣe é, ó sì fi apẹ̀rẹ̀ òfìfo hàn mí bó ti ń kọjá lọ. Mo wọlé lọ parí ẹrù mi.

Ẹnjiníà dé lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ti ṣe iṣẹ́ náà níbòmíì. Bàtà rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó gorí kùkùté, ó na ẹ̀rọ náà, ó kà á kíákíá, ó ní kò sí wàhálà kankan. Baálẹ̀ wà níbẹ̀, Bàbá Sùlè wà níbẹ̀, àwọn obìnrin sì ti yọ jáde láti wo ẹni tuntun. Mo ti gbé àpò mi kọ́ èjìká.

Ìyá Ramọ́tà súnmọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rù omi máa ń bà yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Ìyá. Iṣẹ́ mi ni."

Ìyá Ramọ́tà yíjú sí Ẹnjiníà. "Ẹ bá wa mú wọn padà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà la fẹ́."

Ẹnjiníà wo Baálẹ̀, Baálẹ̀ ò sọ pé rárá. Ó wo Bàbá Sùlè, Bàbá Sùlè ń wo odò. Ẹnjiníà wá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó nà án sí mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbà á, gbogbo wọn sì rí i.